Eré Orin ní Ọ̀sẹ̀ Tí Garth Já Ọmọ Àgùntàn Lẹ́nu Ọmú

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Keje
Garth, àgbẹ̀ aládùúgbò wa, fẹ́ já àwọn ọmọ àgùntàn rẹ̀ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni eré orin nínú ọgbà wa. Bí a bá ti yà wọ́n, ìyá àti ọmọ a máa ké mọ́ ara wọn fún bí ọjọ́ mẹ́ta, pápá wọn kò sì jìnnà — kòtò lásán ló pààlà ọgbà wa àti tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ olórin fẹ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan dán wa wò. Bí ó bá wù wọ́n, ọdọọdún ni wọn yóò máa wá, a ó sì rí òrùlé ilé ńlá yìí tún ṣe. Bí kò bá wù wọ́n, Ìyáàfin Lathbury, ọ̀gá mi, yóò ta ilé baba ńlá ọkọ rẹ̀. Òrùlé ni mo ń pe ìyáàfin náà nínú ìwé yìí. Kì í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó ní òun ti béèrè lọ́wọ́ Garth nígbà ìrúwé bóyá ọjọ́ náà dára. Garth ní kò burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Mo lọ bá Garth. Ó ní òótọ́ ni. Orí katakata lòun wà, òun ò gbọ́ dáadáa, òun rò pé àgùntàn ni ìyáàfin ń béèrè. "Wọn ò sì burú."

Ṣé kò lè dá a dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ó ní koríko lòun ń gé lọ́sẹ̀ yẹn, òjò ò ní dúró de fèrè wa. Mo ní ariwo yẹn máa ba eré jẹ́. "Ó dáa, ẹ lọ ṣàlàyé fún àwọn àgùntàn. Ẹ̀yin lẹ lọ yunifásítì."

Lọ́sàn-án, Òrùlé fúnra rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ò lè ṣe é lónìí? Garth ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti yà wọ́n.

Ọjọ́rú, 10
Ariwo.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Ohùn àwọn àgùntàn ti há. Ó ku ẹyọ kan tó ṣì ń ké, ìyá àgùntàn àgbà olójú dúdú. Garth ní ìyá ìyàwó òun ló jọ, kì í gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo rẹ́rìn-ín. Òrùlé ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Òjò ò rọ̀. Ọgbà kún — aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí koríko, adìyẹ sísè tó ti tutù, wáìnì. Nígbà tí gbogbo orin rọlẹ̀, tó ku onífèrè kan ṣoṣo, Olójú Dúdú ké. Obìnrin tó ń fun fèrè dúró. Òrùlé di apá mi mú. Ojú èékánná rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wa ní, "Ohùn àgùntàn yẹn ò kúkú yà kúrò nínú orin." Ẹ̀rín gba ọgbà. Onífèrè náà rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ padà. Kò sí ohùn mìíràn títí ó fi parí.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Oorun. Oorun gidi.

Ọjọ́ Ajé, 15
Ẹgbẹ́ olórin ti tẹ̀ wá láago. Wọ́n fẹ́ padà wá, ọdọọdún. Òrùlé jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó nu ojú, ó ní eruku ni.

Ó ku ohun kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé: wọ́n fẹ́ mọ ọ̀sẹ̀ tí Garth yóò já ọmọ àgùntàn lẹ́nu ọmú lọ́dún tó ń bọ̀. Garth ní ó di ìgbà tí àgbò bá wọ agbo, tí òun mọ ìgbà tí wọn yóò bímọ, kí òun tó lè sọ.

Kò tíì ra àgbò.