Ohùn Bàámi Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ Mi

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìlú Leeds níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Fọlúkẹ́, mo kí Wòlíì àti gbogbo ìjọ. Ìta gbangba lórí ẹ̀rọ ayélujára ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo ẹbí lè kà á, nítorí ìta gbangba náà ni mo ti fọ́nnu.

Ara mi le. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ṣì wà, èmi ni mò ń kó o sínú páálí. Òtútù ibí kì í ṣe irú èyí tó ń bo orí òkè Ìdànrè láàárọ̀, inú eegun ló ń wọ̀. Owó tó ń wọlé ń tó mi jẹun, ẹ má ṣèyọnu. Ìdáwà ló ń dà mí láàmú. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní bá ẹnì kankan sọ Yorùbá. Òun ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe orin.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Sọ́fítíwíà méjì ni mò ń lò. Nínú àkọ́kọ́, mi ò tẹ dùùrù rárá, àṣẹ ni mò ń kọ sílẹ̀: tẹ ohùn yìí, tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, gbé ọwọ́ kúrò. Á wá fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sí èkejì, tí a fi ń gba orin sílẹ̀. MIDI ni wọ́n ń pe ohun tó ń lọ láàárín wọn. Èkejì ló máa fún un ní ohùn, ìbáà ṣe ti dùùrù, ìbáà ṣe ti fèrè. Àṣẹ nìkan ló ń kọjá, Màámi. Ọ̀fun ẹnikẹ́ni kì í bá a kọjá.

Ẹ rántí pé nígbà tí Bàámi ṣì wà láyé, Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù gba orin wọn sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n máa ń dá nígbà tí a bá ń fọ́ kòkó lóko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, tí mò ń gbọ́ ọ, tí mo sì ń fi nọ́ńbà kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣẹ, nọ́ńbà kan fún ohùn kan. Ibi tí ohùn wọn bá ti bọ́ sí àárín ohùn dùùrù méjì, màá mú èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn títí ẹni tó kẹ́yìn á fi fọ́ kòkó ọwọ́ rẹ̀ tán. Sọ́fítíwíà ní wọ́n pẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo rẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Inú mi dùn! Mo rò pé mo ti tún orin Bàámi ṣe ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi kún, mo pa èyí tó wá láti orí fóònù rẹ́. Ṣebí orin ti wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí Bàámi lọ, tí fóònù Ẹ̀gbọ́n mi já sódò ní Ọ̀wẹnà, èmi ni mo fọ́nnu fún gbogbo ẹbí pé kí wọ́n má sunkún, pé ohùn Bàámi wà lọ́dọ̀ mi.

Ní Sunday tó kọjá, ẹ pè mí, ẹ ní ẹ ti sọ fún ìjọ pé Bàámi fúnra wọn ló máa kọrin níbi ìsìn ìrántí wọn, pé Wòlíì ti kọ ọ́ sínú ètò. Mo ní ó dáa. Ìgbà tí mo ṣí orin náà ni ojú mi tó là: dùùrù ló ń dún, ó mọ́ tónítóní. Mo yí i sí fèrè. Mo yí i sí ohùn àwọn akọrin inú ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó ń húkọ́ bíi Bàámi níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Wòlíì yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Bí ẹ bá bínú sí mi, ó tọ́. Ojú ń tì mí gan-an. Ẹ̀yin ará ilé tó ń kà á, ẹni tó bá ní ohùn Bàámi lórí fóònù, ẹ dákun, ẹ fi ránṣẹ́, kódà bó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń bá yín wí.

Bí kò bá sì sẹ́ni tó ní i, Màámi, ẹ pè mí, kí ẹ kọ orin náà fún mi bí ẹ ṣe rántí rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ibì kan, ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Mo máa gba ìdákẹ́ náà sílẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí tilé toko.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyọ̀