Tíkẹ́ẹ̀tì Màmá àti Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-dé-bẹ̀

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Aránṣọ,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi ọmọ kékeré yẹn lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, inú ló ń bí mi. Màmá ti dé, wọ́n ń sùn lórí ibùsùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n dókítà ojú kò rí wọn o.

Má tíì pariwo. Ọkọ ẹ̀gbọ́n wa ló fà á, Ọ̀gbẹ́ni Mo-ti-dé-bẹ̀ fúnra rẹ̀. Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ ti tán lára mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ọkọ̀ òfurufú láyé, ọdún kẹjọ rèé, kò tíì já bébà tí wọ́n so mọ́ báàgì rẹ̀ ní pápákọ̀. Báàgì ọ̀hún ló ń gbé lọ ra búrẹ́dì.

Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ hàn án: ọkọ̀ á gbéra ní agogo méjìlá ọ̀sán, á balẹ̀ ní agogo méjì. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wákàtí méjì kẹ̀? Ṣé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń bọ̀ ni?" Ó fa téèpù yọ lọ́rùn mi, ó tẹ́ ẹ sórí àwòrán ayé, ó ń wọn ọ̀nà bí ẹni ń wọn ṣòkòtò. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kìlómítà ni, wákàtí méje gbáko, òun ti débẹ̀ rí. Tí èèyàn bá fi méje lé méjìlá, agogo méje alẹ́ nìyẹn. Ó ní olódo ló tẹ tíkẹ́ẹ̀tì.

Lóòótọ́, wákàtí méje ni. Ṣùgbọ́n aago tiyín fi wákàtí márùn-ún ṣáájú tiwa. Bó bá lu méje lọ́dọ̀ yín, méjì ọ̀sán ló ń lù níbí. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ọlọ́gbọ́n wa tó ti débẹ̀. Àgbá òfìfo ló ń pariwo.

Agogo méje la dé pápákọ̀. Láti agogo méjì ni Màmá ti jókòó sórí àga irin, ọwọ́ lórí ẹrù, ojú kan ṣoṣo tó kù fún wọn ń ṣomi. Fóònù wọn kò ṣiṣẹ́ níbí. Wọn ò rí àkọlé kà, wọ́n kàn ń tẹ́tí sí ohùn ẹni tó ń kọjá, bóyá tèmi ni. Agogo márùn-ún ni dókítà retí wa. Akọ̀wé rẹ̀ ní ó ti lọ, ó ń rìnrìn àjò láàárọ̀ ọ̀la, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Ìwọ náà sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún wa: ojú yẹn lè má dúró tó oṣù kan.

Ọkùnrin yìí ò tilẹ̀ tijú. Ó ní awakọ̀ òfurufú náà ló sáré jù. Màmá yíjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá, wọ́n rọra ní, "Àna mi, ẹ má bínú pé a tètè dé." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ọ̀nà ìta lọ.

Mo ti bú u tó. Ọwọ́ mi ni tíkẹ́ẹ̀tì wà. Mo rí agogo méjì níbẹ̀ gàdàgbà. Ǹ bá tẹ pápákọ̀ láago lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ǹ bá mọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo padà sídìí máṣíìnì. Wákàtí méje ni Màmá fi la òfurufú kọjá wá bá mi. Pápákọ̀ ò ju ìdajì wákàtí lọ sílé mi, síbẹ̀síbẹ̀ mo jókòó, mo ń rán zíìpù.

Jọ̀ọ́, bá wa wá dókítà mìíràn kíákíá, ibi yòówù kó wà. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá gbà bẹ́ẹ̀,
Aránṣọ.