Àdúrà tí mo gbà fún Bùsọ́lá

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Bùsọ́lá wá sílé mi ní Uwasota lónìí, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ kéèkì lọ́dọ̀ mi.

"Ọ̀gá mi, ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí wẹ́bùsáìtì tí mo fi ń ta kéèkì ò ṣí. Wọ́n ní ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é."

Mo ní, "Ta ló burú tó bẹ́ẹ̀?"

Èmi ni. Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan ní Iyaro ló ń bá mi rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò èké síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé oníbàárà gidi ò ríbi wọlé.

Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù rẹ̀, èmi ni mo gbọ́wọ́ lé e lórí, tí mo ní yóò ṣe jù mí lọ. Mi ò mọ̀ pé yóò yá tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ugbor tó ń pè mí fún kéèkì tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n ń pè báyìí.

Ó ní kí n gbàdúrà. Mo ní kí iná Ọlọ́run jó ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Òun ń ṣàmín, èmi náà ń ṣàmín, ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.

Ó nu ojú. "Mo ti ní kí àwọn oníbàárà mi máa wá sọ́dọ̀ yín, Mà. Ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán ní Benin yìí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin Iyaro ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí, ó ní ṣé kí òun dáwọ́ dúró. Mo ní rárá o.