Kọ́tìnì Inú Awò Yasir

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdu 2025

Iléyá ti lọ, fọ́tò Iléyá ti dé. Ojú ń ta mí láti àárọ̀. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù — Olúṣẹ́gun ló ń jẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, kò ní ojú — lẹ ọkọ ìyàwó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lónìí bí ẹni lẹ sítáǹbù mọ́ lẹ́tà. Oòrùn ń bọ̀ láti ọ̀tún lára ìyàwó, láti òsì lára ọkọ. Oòrùn méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde! Ẹsẹ̀ ọkọ kò kan ilẹ̀. Oníbàárà dúpẹ́, ó gbé e lọ. Wọ́n tọ́ sí ara wọn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ohun tí òun kò fẹ́ kọ́. Wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ kí o tó gé ẹnikẹ́ni. Ṣe òjìji fún un. Fọwọ́ pa etí àwòrán rẹ̀ kí ó rọ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn. Ó ní, Hanifah, àṣejù ni. Kí ni mo fẹ́ bá afọ́jú sọ nípa àwọ̀?

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdu

Alhaja Mùínátù wá. Ó ti ta abọ́ tánganran lọ́jà rí, kó tó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi rán Yasir ọmọ rẹ̀ lọ sí Kánádà. Ó gbé fọ́tò Iléyá wá: òun, Fatihah ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ-ọmọ, nínú ọgbà ilé. Àyè ẹnì kan ṣófo lápá ọ̀tún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Kí n gbé Yasir síbẹ̀.

Ọdún méje, kò wálé. Fatihah fi fọ́tò Yasir ránṣẹ́ sí mi: ó dúró sáàárín yìnyín, kóòtù, awò ojú, ẹ̀rín. Alhaja ní, ọmọ mi, fara balẹ̀, kí ó dà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Inú bí mi sí Ọmọ Yìnyín yẹn. Ẹni tí kò lè wọ bàálù ni kí n wá fi máọ̀sì kọ̀ǹpútà gbé wálé!

Ọjọ́rú, 11 Òkúdu

Iná kò sí. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ń kọ́ ẹnì kan níṣẹ́. Kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni náà.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdu

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé Ọmọ Yìnyín. Nǹkan kan kò lọ. Orí imú rẹ̀ — òógùn. Ta ló ń làágùn nínú yìnyín? Ìlà funfun kan yí etí òsì ká. Mo mọ ọ̀lẹ tó máa ń fi irú ìlà yẹn sílẹ̀ bó bá gé ènìyàn. Alhaja sì ti ń fi fọ́tò yìí yangàn láti inú Ààwẹ̀, kò rí i. Àwọn ènìyàn kì í wo nǹkan. Wọ́n kàn ń la ojú sí i ni.

Mo fa ojú rẹ̀ tóbi títí awò fi kún kọ̀ǹpútà. Fèrèsé ló wà nínú awò. Irin mẹ́fà. Kọ́tìnì búlúù tí wọ́n fi gèlè pupa so láàárín. Mo gbójú sókè wo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa: kọ́tìnì búlúù. Gèlè mi àtijọ́ ni, èmi ni mo so ó. Kóòtù náà, èyí tí à ń yá oníbàárà láti ya fọ́tò, wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń wà.

Ará Kánádà dúró síbi tí mo ti ń mu gààrí lọ́sàn-án.

Ẹtì, 13 Òkúdu

Mo bi Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù. Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní nínú Ààwẹ̀ ni Yasir wá ya á, ọjọ́ tí mo lọ kí àwọn òbí mi ní Ìmùṣin. Ó ní Yasir kò kọjá ilẹ̀ Nìjẹ́ lọ́nà aṣálẹ̀ tí wọ́n fi dá a padà, Ibefun ló wà láti ọdún mẹ́rin, ó ń gé búlọ́ọ̀kù. Ibefun! Ọ̀kadà kan péré! Ó ní kí n nu kọ́tìnì kúrò nínú awò náà, kí n ṣe iṣẹ́ mi, òun kì í da ilé onílé rú. Òun tí kò lè so orí mọ́ ọrùn.

Ìyá ta ṣọ́ọ̀bù, ọmọ lọ yá kóòtù. Bí mo bá nù ún, mo ti bá wọn pa irọ́ náà. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò gbé Alhaja dìde nílẹ̀?

Àbámẹ́ta, 14 Òkúdu

N kò nù ún. N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 Òkúdu

Mo lọ sílé Alhaja. Ìyókù iṣẹ́ ti parí: oòrùn láti ọ̀tún, òjìji tó wọ́ dé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, eruku ọgbà lórí bàtà rẹ̀. Ó dára. Mo kàn fa awò náà tóbi lórí fóònù, mo nà án sí i.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù yín nìyí. Kò sunkún. Ó ní òun ti mọ̀ láti èṣí pé Yasir wà nítòsí. Ọ̀kadà kan gbé e kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, ó fa fìlà bojú, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó bí ọmọ kò ní mọ èjìká rẹ̀ ni? Òun kò pè é. Òun ń retí kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ìdí tí òun fi fi àyè sílẹ̀ nìyẹn.

Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo lójú ní gbogbo Ìjẹ̀bú! Ojú tì mí gan-an.

Mo bi í bóyá kí n nu inú awò náà. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Kí ìyókù dán, kí ará ilé má rí nǹkan kan. Kí n fi ránṣẹ́ sí Yasir.

Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdu

Mo fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀: Yasir Kánádà.

Ọjọ́rú, 18 Òkúdu

Èsì dé lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ tó gbà ránṣẹ́ ni. Kò béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ó ní, Àǹtí, iṣẹ́ yín dára o, ó dà bí pé mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu inú awò yẹn kíákíá, kí Màámi tó rí i.

Mo kọ ọ́ sí i: Màmá rẹ ló ní kí n má nù ún.

Àmì méjèèjì di búlúù: ó ti kà á. Ó ń kọ nǹkan. Ó dúró. Ó tún ń kọ. Ó dúró.

Gààrí mi ti wú kún abọ́, n kò tíì fọwọ́ kàn án.