Lagi Tó Dojú Bolẹ̀ Níwájú Tíṣà

Fetuao ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ gbèsè kúrò nílẹ̀. Ẹní àtàtà onííyẹ́ pupa tí a jẹ ìdílé ọkọ rẹ láti ìgbà ìsìnkú ìyá rẹ̀, a ti kó o lọ fún wọn ní Sátidé tó kọjá, lójú gbogbo àwọn olórí ìdílé. Èmi àti Tualima ìyàwó àbúrò bàbá rẹ la jọ tẹ́ ẹ níwájú wọn, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní ó dára, ó sì yẹ kó dára, nítorí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí híhun rẹ̀. Wọ́n fún wa ní ẹlẹ́dẹ̀ kan àti páálí ẹja inú agolo. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ọkọ rẹ tó wà ní Logan lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún bá tún la ẹnu pé a jẹ àwọn, sọ fún un pé ó ti tán.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara àna mi Iakopo le? Sefo kékeré ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti ń hù? Ọlọ́run tó mú yín la òkun já kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣe yín ní àjèjì títí. Oúnjẹ wọn yóò máa bá yín lára mu, òtútù wọn kò ní wọ egungun yín, ẹnu yín yóò sì tólẹ̀ níbẹ̀. Àmín. Àwa náà wà dáadáa. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà lẹ́yìn ilé so tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ka rẹ̀ kan fi ya, ó sì wó lé ilé ìdáná, màá kan ìyẹn láìpẹ́.

Ilé ìfowópamọ́ ti fún mi ní káàdì tí o ní kí n gbà. Wọ́n ní kí n yan nọ́ńbà àṣírí kan, kí n sì rí i pé mi ò gbàgbé rẹ̀. Kí n má baà gbàgbé, mo sọ ọ́ fún Pásítọ̀, mo sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ akọrin obìnrin, wọ́n sì máa ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti mọ̀ bóyá mo ṣì rántí. Nígbà tí akọ̀wé báńkì gbọ́, ó di orí mú. Ó ní, ìyá, àṣírí ni. Mo ní, ó ti yé mi, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ fún kìkì àwọn ọmọ ìjọ.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, àfi pé iwájú ilé Pásítọ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ràn, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló sì máa ń bá mi dáhùn. Inú mi sì dùn sí nǹkan kan: nígbàkígbà tí a bá ń rí ara wa nínú rẹ̀, ìwọ kì í wo ojú mi, àyà mi ni ojú rẹ máa ń wà. Mo sọ fún Tualima pé kó wá wo ọmọ tí mo tọ́, òkèèrè kò tíì bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Lagi ọmọ rẹ yìí, mi ò fẹ́ kí gbogbo abúlé bá mi dá sí i, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà. Ọmọ Tualima tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ èso kíká lọ́dọ̀ yín ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Má fún un lówó o, mo ti fún un ní kókò.

Mo ní kí ìyàwó Pásítọ̀ bá mi ka ohun tí o kọ sínú fóònù. O ní tíṣà Lagi ránṣẹ́ pè yín, pé ara ọmọ náà kò yá. Ó ní òun bi í bóyá ó ti jẹun, kò fọhùn, irun òkè ojú rẹ̀ ló kàn gbé sókè. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ó ní òun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Lagi bá kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀. Tíṣà bá kúnlẹ̀. Lagi bá tẹ orí rẹ̀ mọ́ orúnkún. Tíṣà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Lagi bá na gbalaja, ó dojú bolẹ̀. Ni wọ́n bá sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, tí nọ́ọ̀sì ń yẹ etí rẹ̀ wò, tó ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí ni kí ọmọ ṣe? Èmi ni mo kọ́ ọ pé orí ọmọdé kì í ga ju orí àgbà lọ. Tíṣà ń lọ sílẹ̀, Lagi ń wá ibi tó máa rẹlẹ̀ jù ú. Bí wọ́n bá fún un ní ṣọ́bìrì, ì bá gbẹ́ ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi nígbà tí a kà á dé ìsàlẹ̀. O ní wọ́n fẹ́ kó o sí kíláàsì àwọn ọmọ tí etí wọn wúwo. O ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ti ń pe Iakopo ní bàbá adití, ojú ń tì í, ó ní kí ẹ dá Lagi padà sọ́dọ̀ mi títí yóò fi gbọ́n, pé ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa ra ìwé ọkọ̀ òfurufú.

Fetuao, mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Ilé yìí ti tóbi jù láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Bí mo bá ń se kókò, ọwọ́ mi ṣì ń se ti gbogbo yín, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ ìyókù, ó ti sanra jù mí lọ. Kíá ni mo gbé ẹní Lagi síta, mo sá a sóòrùn. Mo gbá ibi tó máa ń sùn. Mo ti ń wo aṣọ funfun tí yóò wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú àwọn ọmọdé.

Tualima ló bá mi lẹ́nu ẹní sísá. Ó ní, Ìyá Fetuao, àlejò wo là ń retí? Mo ní Lagi ni, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó jókòó, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, ó ní, ṣé nítorí pé ọmọ ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe ń dá a padà sílé? Mo ní bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, bàbá rẹ̀ ti sọ tirẹ̀, ìwọ tó ń sá ẹní ńkọ́, ṣé ọmọ náà ló ń wá ọ ni àbí ìwọ lò ń wá ọmọ? Mo ní kó dìde kó máa lọ sílé rẹ̀. Kò lọ. O mọ̀ ọ́n, oúnjẹ wà lórí iná.

Nígbà tó jẹun tán tó lọ, mo tọ ìyàwó Pásítọ̀ lọ, torí ó ti gbé Auckland, ìlú àwọn òyìnbó, rí. Ó ní lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tí kò bá wo ojú àgbà, wọ́n á ní ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ débẹ̀, òun kì í wo ojú ọ̀gá òun, ọ̀gá sì rò pé òun ló ń jí ọṣẹ ilé iṣẹ́. Mo ní, Màmá, ṣé ojú ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ ni? Ó ní, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní, àti tíṣà tó ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé? Ó ní ọ̀wọ̀ ló ń bù fún un. Mo ní, àgbà wo ló ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọdún méje? Ó ní tiwọn nìyẹn. Ìyẹn kò tíì yé mi di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi jókòó sórí ilẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fi abẹ̀bẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i, bá mi fún un.

Nítorí náà, ẹ má dá Lagi padà. Mo ti ká ẹní náà. Bó bá wá báyìí, inú mi á dùn fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó máa wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tí ìyá àgbà kọ́ òun ló lé òun kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun, kò sì ní gba ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ mi mọ́. Kó dúró. Ọ̀nà tí wàá gbà sọ ọ́ fún Iakopo, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kó dà bíi pé òun ló ronú kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe fún bàbá rẹ.

Ẹ̀yin má sì sọ fún Lagi pé kó máa wo ojú tíṣà o, kò ní gbà. Mo mọ ọmọ yẹn. Èmi ni mo so ó, èmi náà ni yóò tú u. Màá sọ fún un pé níbẹ̀, ojú ni kó fi kúnlẹ̀, kó sì fi ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ ni kó dún. Bí tíṣà bá bẹ̀rẹ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, mo fún un láyè. Lẹ́yìn náà, màá ní kó kọ́kọ́ fi ojú mi dán an wò. Yóò nira fún un, yóò nira fún èmi náà, nítorí yàtọ̀ sí bàbá rẹ nígbà tó ń tọrọ mi, kò sí ẹni tó tíì wò mí lójú pẹ́ rí.

Owó ìwé ọkọ̀ òfurufú yẹn, má jẹ́ kó fọ́nká. Bàtà ilé ìwé Lagi ti há a, mo rí i nínú fóònù, ra òmíràn. Ìyókù ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi fún páànù ilé ìdáná tí ẹ̀ka gbẹ̀rẹ̀fútù fọ́. Mo ti bá onípáànù ná an títí ó fi ń bínú, mo wá mọ̀ pé iye tó yẹ kí n san nìyẹn.

Èmi Vaelupe ìyá rẹ ló kọ ọ́. Ọlọ́run yóò fi ojú rere wò yín níwájú gbogbo ẹni tí ẹ bá ń bá pàdé. Ilé yín kò ní tú. Ọmọ yín kò ní sọnù sínú ìlú ńlá, ẹ̀yin náà kò ní sọnù sí i lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ra ìwé ọkọ̀ kankan títí tí màá fi bá Lagi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ti fun ìkarahun òkun tí a fi ń pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, tí a sì ti gbàdúrà tán, màá wà níwájú ilé Pásítọ̀, Tualima yóò máa lé àwọn tó ń kọjá. Ìwọ má pè, Iakopo má pè. Lagi fúnra rẹ̀ ni mò ń retí, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.