Ẹ́ńjìnnì Bàbá Samson Tó O Sọ Di Orin

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà,
Ayédé-Èkìtì.
Ọjọ́ Sátidé.

Ìkẹ́olúwa ọmọ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni Èkó? Ṣé òjò kò wọ yàrá rẹ mọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ níbi tí ara ti tù ọ́, kó má bá ọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, àmín. Má bínú pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ohun tó wà nínú ẹni ló ń kọ́kọ́ jáde. Àlàáfíà la wà nílé. Bàbá rẹ kí ọ, iṣu tuntun ti jáde, ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú yẹn bí méjì, ọ̀kan ń tiro díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú ju èkejì lọ.

Wàá ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ayé ìgbà tí wọ́n bí ìyá mi, nígbà tí mo ní fóònù, tó o sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n máa sọ̀rọ̀ sí i. Mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ pé ohùn lò ń kó jọ, mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ju ohùn mi sínú àpò rẹ. Kí n bá ọ wí lónìí, kó wá di ọ̀la kí àwọn òyìnbó kan jókòó kí wọ́n máa gbádùn ìbínú mi. Bíírò kì í pariwo ní tiẹ̀. Abdulrasheed tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu wá sí Èkó ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì kọ orúkọ mi sórí ojú ibi tí mo lẹ̀ náà, tó o bá rí i pé orúkọ náà ti ya sí méjì, ẹnìkan ti kà á nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tó o fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ní kí n gbé e fún Ìyá Samson kí wọ́n fọwọ́ sí i, pé ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ wọn lo fi ṣe orin, pé bí wọn ò bá fọwọ́ sí i kí oṣù yìí tó parí, àwọn ará Jámánì tó ní kó o wá ṣeré nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò ní gbà ọ́ mọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tèmi, ohun tí mo kà yé mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìyá Samson yọ̀ǹda ohùn náà fún gbogbo ayé àti gbogbo ojú ọ̀run, títí láéláé. Ìkẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ayédé ṣe lójú ọ̀run? Ta ló ń jẹ gàrí níbẹ̀? Ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ tà, ojú ìwé kan péré ni, síbẹ̀ ọdún mọ́kànlá ló gbà ní kóòtù. Èyí jẹ́ ojú mẹ́rin, ariwo lásán sì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà. Ẹni tó bá ní ariwo lòun wá rà lọ́wọ́ rẹ, yáa yẹ ẹ̀yìn ilé rẹ wò. Mo ká a, mo tì í sábẹ́ Bíbélì nínú àpótí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ náà wò ó. Títílọlá tí a jọ ṣe ìwé mẹ́wàá bi mí pé ṣé ọmọ mi ń kọrin ni, mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ń lùlù, mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ń jó ni, mo ní rárá, pé ó máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ni, tí á máa yí àwọn nǹkan kékeré kan bí ẹni tó ń yí gáàsì ìdáná. Ó ní, há. Há yẹn ṣì wà létí mi. Ní báǹkì ní Òyè náà, ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ ibi tí owó ti ń wọlé fún mi, ariwo ẹ́ńjìnnì ni mo kọ síbẹ̀, torí ìwọ lò ń fi owó ránṣẹ́ sí mi, mi ò sì fẹ́ purọ́ nínú ìwé ìjọba. Ọmọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi bíírò fa igi lé e, ó kọ ọmọ dípò rẹ̀.

Má sì sọ pé ìfura mi ti pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo bí ọ. Ẹ̀kọ́ àfikún ni mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni mo wà. Nítorí náà tó o bá ní ìdánrawò lò ń lọ, tí Ọláìtán tó ń ṣe máníjà rẹ sì wá fi ọkọ̀ gbé ọ, èmi ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo mọ gbogbo kòtò rẹ̀. Ta ni Ọláìtán? Ọmọ ta ni? Orin tí kò lọ́rọ̀, tí kò ní ìlù, tí kò ní agberin, kí ló kù níbẹ̀ tí Ọláìtán ń bójú tó?

Bí mo ṣe ń gbé e yí nínú ni ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kàn mí ní Ọjọ́bọ̀. O mọ̀ pé ẹni tí ìpàdé bá bọ́ sí ilé rẹ̀ ló ń mú orin ìbẹ̀rẹ̀ wá. Mo rò ó pé n ó gbé orin tìrẹ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi síwájú àwọn èèyàn Ọlọ́run, bí nǹkan burúkú bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á mọ̀. Mo ní kí Olúwafẹ́rànmí inú kúáyà gbé sípíkà rẹ̀ wá. Mo ní orin wa tòní, láti ọwọ́ ọmọ mi ni. Gbogbo wa dìde, àwa mọ́kàndínlógún, bí a ṣe ń dìde fún orin. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀, hùùùùù. A dúró kí dùúrù ṣe tiẹ̀ tán kí a tó wọlé. Màmá Adéwùnmí tó máa ń dá orin la ẹnu, wọ́n pa á dé, wọ́n tún là á. Ìṣẹ́jú márùn-ún, hùùùùù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó lè jókòó torí ta ló fẹ́ kọ́kọ́ jókòó nígbà tí orin ń lọ? Ìyá Ìrètí tí orúnkún ń dùn di fèrèsé mú. Mo yọ́ bi Olúwafẹ́rànmí pé ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀, ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀ mà, ó ti fẹ́ẹ̀ dé ìdajì.

Nígbà tó yá mo rí i pé ọ̀pọ̀ ti di ojú. Mo kọ́kọ́ rò pé oorun ni, kì í ṣe oorun. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé láti Àjíǹde kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò jà lórí kúlà oúnjẹ, kò sẹ́ni tó húkọ́. Ìgbà náà ni Ìyá Samson lajú, tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ulé àwọn nìyí. Gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ẹni tó pè é láti ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí Bàbá Samson ti lọ nínú oṣù kẹta, tí Samson sì ta ẹ́ńjìnnì náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, èyí tó ń lo iná ní òdìkejì títì la ń bá yí, tó ń han bí ẹ̀fọn.

O rántí pé kí Bàbá Samson tó pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi òkúta kan páànù lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ máa sáré bọ̀. O ò sọ fún mi pé o kó ìyẹn náà mọ́ ọn. Àfi kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Ìkẹ́, àwọn ìyá ìjọ sáré! Màmá Adéwùnmí gbé báàfù mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti aṣọ tí mo rẹ sínú rẹ̀. Ìyá Ìrètí olórúnkún ló ṣáájú. Wọ́n ti dé àárín àgbàlá kí wọ́n tó rántí pé ẹni tó ń kan páànù ti wà nínú ilẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, omi ń kán láti inú báàfù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi náà, kí n má purọ́, mo ti pariwo orúkọ rẹ pé kó o tètè gbé ẹ̀gẹ́ wá.

Ìyá Samson jókòó, wọ́n fi ìbòrí nu ojú, wọ́n ní kí Olúwafẹ́rànmí dá a padà síbi ìkànpáànù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló dá a padà. Wọ́n wá ní kí ló dé tí mi ò ti sọ fún àwọn pé ọmọ mi ló gbé e pa mọ́. Mo lọ mú fọ́ọ̀mù náà jáde, mo kà á fún wọn, mo sì tẹnu mọ́ ibi ojú ọ̀run dáadáa. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kó máa lọ, pé ọkọ àwọn kò ré kọjá Ìkọ̀lé títí wọ́n fi kú, bí uṣẹ́ wọn bá fẹ́ rí ayé, àwọn kọ́ ni yóò dí i lọ́nà. Wọ́n fọwọ́ sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ni kó o ṣe ẹ̀dà orin náà fún àwọn, kó má jẹ́ èyí tó wà nínú fóònù, torí fóònù máa ń kú, àwọn ò sì fẹ́ kí ó kú lẹ́ẹ̀kejì.

Síbẹ̀ ìfura mi kò tíì tán. Nígbà tó o bá kan páànù yẹn ní Jámánì, níbo ni wọ́n máa sáré lọ? Wọn ò ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń pè ọ́ fún? Nítorí náà fọ́ọ̀mù náà kò bá Abdulrasheed wá, inú báàgì mi ló wà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àlọ àti àbọ̀, kó o sì fi owó irun sí i, mi ò ní jẹ́ kí Ọláìtán rí mi bí ará oko. Mo fẹ́ rí yàrá náà, mo fẹ́ rí ìwé tí wọ́n fi pè ọ́, mo fẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn kó o yí i lójú mi. Bó bá jẹ́ òótọ́, màá kó ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ọ lọ́wọ́, màá sì pàtẹ́wọ́. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ọkọ̀ kan náà ni a jọ máa wọ̀ bọ̀ wálé.

Ọlọ́run tó ń gbọ́ ìmí ẹ̀dùn tí kò lọ́rọ̀ á gbọ́ tìrẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní di ìtìjú mi. Ibi tí wọn ò ti mọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á mọ̀ ọ́ sí rere.

Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá kàn án. Má wulẹ̀ jókòó kó o máa gbọ́ ọ bí orin o. Sáré wá ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adébísí.