Ọmọ Ta Nìyẹn?

Bàbá mi àtàtà, olówó orí ìyá mi,

Àga yín ṣì wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mopélọ́lá, ọmọ mi, ló jogún rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń ká ẹsẹ̀ sórí rẹ̀ ni òun náà ń ṣe, ẹ̀pà sísun lọ́wọ́, èèpo nílẹ̀ káàkiri. Màmá kì í bínú sí i bí wọ́n ṣe máa ń bínú sí yín.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi yín rẹ́rìn-ín? Bí wọ́n bá ti yìnbọn pa ẹnikẹ́ni nínú fíìmù, ẹ óò dá ẹ̀pà dúró, ẹ óò bi wá pé, "Ọmọ ta nìyẹn?" Àwa á ní ọ̀tá ni, Dádì, eré ni. Ẹ óò ní ẹ ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni? Ẹ ò jẹ́ ká gbádùn fíìmù kankan dópin rí.

Mopé ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Eré ìbọn ló kún fóònù rẹ̀, àti fídíò àwọn tó ń lu ara wọn lójú pópó. Á máa wò ó, á sì máa jẹun lọ. Mo ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ. Àwọn kan ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń sọ ọkàn ọmọ di òkúta. Àwọn mìíràn ní ilé tí ọmọ ti jáde ló jù. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo gba fóònù náà, mo dá a padà, mo tún gbà á, mo tún dá a padà. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá mo rò pé òun lè pa ènìyàn. Mi ò tètè dáhùn. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ lọ ra èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Kẹ̀kẹ́ márúwá kọ lu ọmọbìnrin kan lẹ́bàá títì. Àwọn èrò pagbo yí i ká, wọ́n ń ya fídíò. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Mopé náà ti na fóònù tirẹ̀ sókè. Ha, Bàbá mi! Mo ní ó parí, ọmọ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ló bá rọra gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó wo gbogbo wọn lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta nìyẹn?"

Fóònù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá oníyọ̀ kan sún mọ́ ọmọbìnrin náà, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Yéè, ọmọ Ìyá Káfáyá ni." Wọ́n pe ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya fídíò ló gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kán. Ara rẹ̀ ti ń yá.

Mi ò gba fóònù lọ́wọ́ Mopé mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ tiẹ̀ kọ́ ọ? Èmi rò pé ẹ̀pà nìkan lẹ jọ ń jẹ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń gbá èèpo ẹ̀pà lẹ́yìn yín.